Bẹ́ǹṣì prẹ́ẹ̀sì fún eléré ìdárayá: ọ̀nà wo ni kẹ́ ẹ mú, èwo ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀?

Láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, jíìmù yòówù tẹ́ ẹ bá wọ̀ nírọ̀lẹ́, ìdí bẹ́ǹṣì, ìyẹn àga gbọọrọ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé láti ti irin sókè láti àyà, lẹ máa bá èrò jù, àwọn kan dùbúlẹ̀, àwọn kan dúró dè wọ́n, ìbéèrè kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: kílò mélòó lo lè gbé? Ìbéèrè yẹn dáa, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ eléré ìdárayá ni yín, tẹ́ ẹ ní kóòṣì tó ń retí yín lórí pápá lọ́la, ìbéèrè míì wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: agbára yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, báwo lara yín ṣe máa rí lọ́la lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé irin tán lónìí? Torí ọ̀nà tó ń mú bẹ́ǹṣì lọ sókè pọ̀ o, kò sì sí èyí tí ò ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan níbì kan, ṣùgbọ́n èyí tó dáa fún ẹni tí ò ní iṣẹ́ míì ju irin lọ lè ba odindi ọ̀sẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń ja ìjàkadì tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyẹn.

Eré wo lẹ ń ṣe ná?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé bẹ́ǹṣì ni gbogbo eré wọn pátápátá, ìyẹn àwọn akàndá ẹ̀dá tó ń ṣe para powerlifting, ìdíje gbígbé irin tiwọn. Bẹ́ǹṣì nìkan ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ní Paris lọ́dún 2024, Folashade Oluwafemiayo gbé kílò 167 ní ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí ò ju kílò 86 lọ, Onyinyechi Mark gbé 150 ní ìsọ̀rí kílò 61, àwọn méjèèjì gba góòlù, àwọn méjèèjì fi rẹ́kọ́ọ̀dù ayé tuntun sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, obìnrin tí ò ju kílò 61 lọ, ó gbé ohun tó ju ìlọ́po méjì ara ẹ̀ lọ dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì nà sórí bẹ́ǹṣì, kò rí ilẹ̀ tẹ̀ rárá. Mo máa padà sí nǹkan tá a lè kọ́ lára wọn.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni àwọn tí agbára títì wúlò fún gan-an: ẹni tó ń ju shot put, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin, ajìjàkadì, abẹ̀ṣẹ́, àwọn tó ń ṣe júdò. Fún àwọn wọ̀nyí bẹ́ǹṣì kì í ṣe eré fúnra ẹ̀, irinṣẹ́ ni, ó sì yẹ kó gbé wọn dé ibì kan.

Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù àti asáré ńkọ́? Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìkẹ́nnẹ́, ti gba líìgì Nàìjíríà ti 2024/25, gbogbo ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó lè ta bọ́ọ̀lù ló fẹ́ ní ara bíi ti akọni. Ó dáa. Agbábọ́ọ̀lù tí òkè ara ẹ̀ le, wọn ò ní tètè tì í kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti ìdí lẹ fi ń sáré, ibẹ̀ ló yẹ kí agbára yín pọ̀ sí jù. Tí bẹ́ǹṣì yín bá ti dé ìwọ̀n ara yín, ká ní ẹ wọ̀n kílò 70 tẹ́ ẹ sì gbé 70 láì bá irin jà, kò sídìí láti máa lé 120 kiri, ẹ lọ sídìí skúọ́ọ̀tì, ìyẹn kẹ́ ẹ gbé irin lé èjìká kẹ́ ẹ máa lóṣòó, kẹ́ ẹ sì máa dìde.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí

Ọ̀nà kìíní ni ká máa fi díẹ̀ kún un ní gbogbo ìgbà. Ẹ mú kílò tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀márùn-ún láìgbọ̀n, ẹ ṣe séètì mẹ́ta (séètì kan ni iye ìgbà tẹ́ ẹ gbé e kẹ́ ẹ tó sinmi), ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní séètì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti parí gbogbo ẹ̀ pérépéré, ẹ fi kílò 2.5 kún un nígbà tó ń bọ̀. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan míì, mo dúró lórí ìyẹn gbọingbọin, torí ní oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe pé ẹran àyà yín ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àti iṣan ló ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa jọ ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ yẹn sì máa ń yára. Ibi tó kù sí ni pé ó máa ń dópin. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: kílò 2.5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, 7.5 nìyẹn, bíi 30 lóṣù, kò sí ẹni tó lè ṣe ìyẹn fún ọdún kan. Tẹ́ ẹ bá ti já kílò kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ẹ ń sùn, ẹ ń jẹun, àkókò tó láti kúrò lórí ọ̀nà yìí nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa pléètì, ìyẹn àwo irin tí wọ́n ń kì bọ etí irin gbọọrọ, kí n tó kọjá, torí òun ló ń da ọ̀nà kìíní rú lágbègbè wa. Kẹ́ ẹ tó lè fi 2.5 kún irin, ẹ nílò pléètì 1.25 méjì, ọ̀pọ̀ jíìmù ò sì ní in, èyí tó kéré jù lọ́wọ́ wọn ni 2.5, ẹgbẹ́ méjèèjì di kílò 5, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń gbé 50. Ẹ lọ bá wẹ́dà, kó gé irin pẹlẹbẹ méjì tó dọ́gba fún yín, kó lu ihò sí àárín ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ẹran tútù lọ́jà. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì wà níbẹ̀, ẹ gbé àwọn pléètì tí wọ́n dà nílé wa náà síbẹ̀, pàápàá àwọn oníkọnkéré, torí nǹkan tí wọ́n kọ sára ẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó lè máà bára mu. Irin gbọọrọ ti ìdíje, kílò 20 ni, àwọn tí wọ́n gé níbí lè máà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń gbé, kò lè mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀síwájú.

Ọ̀nà kejì, ọjọ́ líle kan àti ọjọ́ fúyẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Èyí lèmi fara mọ́ jù fún eléré ìdárayá tó ti kọjá ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára yín dé, ẹ ò sì ní láti gbé èyí tó lè pa yín. Ẹ mú kílò tẹ́ ẹ gbé, ẹ fi iye ìgbà tẹ́ ẹ gbé e sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 30, ẹ wá fi ohun tó bá jáde kún kílò yẹn, ìyẹn ló máa sọ èyí tó wúwo jù tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó gbé 80 lẹ́ẹ̀márùn-ún: 80 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 400, ẹ pín in sí 30, ó jẹ́ 13 àti díẹ̀, ẹ fi kún 80, ó di nǹkan bíi 93. Kò péye bíi ti Bíbélì o, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn tí iye ìgbà ò bá ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ líle, irú ẹni yẹn á máa gbé bíi 80, ẹ̀ẹ̀mẹta ní séètì mẹ́rin, á sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún láàárín séètì, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń tẹ fóònù tí wọ́n á tún sáré padà, torí agbára la ń wá, kì í ṣe òógùn. Lọ́jọ́ fúyẹ́, á gbé bíi 65, á jẹ́ kí irin dúró lórí àyà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó tì í sókè, séètì mẹ́rin náà ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá parí ọjọ́ líle láìjá ìkankan, ó fi 2.5 kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ọ̀sẹ̀ kẹrin á dín séètì kù sí ìdajì kí ara lè gbà á, lẹ́yìn ìyẹn á tún máa lọ. Tí máàṣì bá wà lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ líle, Ọjọ́bọ̀ ni ti fúyẹ́. Tí tíréènì pápá àti irin bá sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà, pápá ló ṣáájú, irin á tẹ̀ lé e, torí ẹni tí apá ẹ̀ ti rẹ̀ kì í ju nǹkan bó ṣe yẹ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń fayé ni yín lára láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ sì ń gbé bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì kí ara má gbàgbé. Ó máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Kílò 10 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin fún ẹni tó ti ń gbé 90, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ fún ni.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tó ń gbé èyí tó wúwo jù lójoojúmọ́. Ẹ máa rí wọn, wọ́n dé, wọn ò gbóná ara, wọ́n kó 100 síbẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn ń bá wọn fà á, “ìwọ ni, ìwọ ni,” ó ku díẹ̀ kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yẹn ló gbé gbogbo ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá kan wà láyé tó ń gbé irin lójoojúmọ́ tí agbára wọn sì ń pọ̀ sí i, àmọ́ irin ni iṣẹ́ wọn, kóòṣì wà lórí wọn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ yẹn náà kì í sì í ṣe ti àgbéjákù. Ara èèyàn dà bíi gàrí nínú agbada, tẹ́ ẹ bá kó iná lé e jù, kò ní tètè gbẹ, jíjó ló máa jó. Ibi tó ti máa ń jó gan-an ni iwájú èjìká àti ìgúnpá, ìrora èjìká tẹ́ ẹ bá fi ojoojúmọ́ fà sì lè lé yín kúrò nídìí bẹ́ǹṣì àti lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ajìjàkadì tàbí agbábọ́ọ̀lù, mi ò rí ìdí kankan láti mú ọ̀nà yìí.

Kí irin kan àyà kó fò, àbí kó dúró?

Àwọn akàndá ẹ̀dá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òfin wọn ni pé irin gbọ́dọ̀ dé àyà, kó dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n tó tì í. Nínú powerlifting gbogbogbòò náà, rẹfirí ló máa sọ pé kẹ́ ẹ tì í lẹ́yìn tó bá rí i pé irin ò mì mọ́. Nínú jíìmù wa ńkọ́? Gbàgà lórí egungun ìhà, ó fò sókè, wọ́n ní àwọn gbé 110.

Ẹ̀yin tó ń ja ìjàkadì, ẹ gbọ́ eléyìí. Nígbà tí ẹnì kan bá sùn lé yín láyà, kò sí ìfò kankan níbẹ̀, láti orí òdo lẹ ti máa tì í. Agbára ìsàlẹ̀ yẹn, irin tó dúró ló ń kọ́ yín. Ẹni tó ń ju shot put náà nílò ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún nílò kí apá ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń nà kíá, nítorí náà ó lè jẹ́ kí irin kàn fọwọ́ kan aṣọ kó sì padà, láìlù ú mọ́ àyà. Nọ́ńbà yín máa wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá irin dúró, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, nọ́ńbà tuntun yẹn ni agbára yín.

Ti ìyára kúkú nìyí fún àwọn tó ń ju nǹkan àti àwọn abẹ̀ṣẹ́: ẹ mú ìdajì agbára yín tàbí díẹ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ní séètì mẹ́fà, ẹ fi gbogbo ipá tì í bíi pé ẹ fẹ́ kó fò jáde lọ́wọ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé irin ò lè jáde, apá yín gbọ́dọ̀ dá a dúró lókè, ìyẹn sì ń kọ́ apá ní bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí jíju bọ́ọ̀lù tó wúwo fi dáa jù fún ìyára. Ẹ wá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, ẹ rọ yanrìn sínú ẹ̀, ẹ rán an, ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì jù ú láti àyà sórí pápá, ẹ wọn ibi tó dé.

Ọwọ́ fífẹ̀ tàbí ọwọ́ sísún mọ́ra

Òfin ìdíje àgbáyé ni pé àárín ìka ìfábẹ̀là méjèèjì ò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 81 lọ. Ọwọ́ fífẹ̀ ń dín ọ̀nà tí irin máa rìn kù, ó bá ẹni tó ń díje nínú irin mu. Fún ẹ̀yin yòókù, ọwọ́ tó kọjá èjìká díẹ̀ ti tó, ẹran ẹ̀yìn apá á ṣiṣẹ́, èjìká á sì balẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgúnpá yà gbọọrọ sí ìlà èjìká, ẹ kó o wá sílé díẹ̀. Ẹ fa eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìdí má kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Iye ìgbà tẹ́ ẹ bá ti nǹkan, ó kéré tán ẹ fà á tó bẹ́ẹ̀: fífa irin wá sí ikùn, fífa ara sókè lórí ọ̀pá.

Irin, dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì tàbí púṣọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè tẹ́ ẹ ní kò sówó jíìmù, púṣọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun ọmọdé. Bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo ara yín lẹ ń tì, ẹni tó wọ̀n 72 ń ti nǹkan bíi 48 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti lè ṣe 20 láìsinmi, ẹ má lọ sí 50, ẹ gbé báàgì tó ní yanrìn tàbí ìwé sẹ́yìn kó lè padà di mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni agbára wà.

Dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn irin kékeré tí ọwọ́ kan ń gbé, máa ń tú àṣírí apá tó lẹ, torí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ru ti ẹ̀, ó sì rọrùn fún èjìká tó ti ń dunni. Àmọ́ ẹ ò lè fi gbé tó irin, gbígbé e dé àyà fúnra ẹ̀ ti di iṣẹ́, fífi díẹ̀ kún un náà sì le. Tí mo bá ní láti mú ọ̀kan fún agbára, irin ni. Dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ fúyẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá.

Oúnjẹ: gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n kò dá tó

Ọmọ aláre ni wá, kò sẹ́ni tó máa ní ká má mu gàrí. Ó ń fún ara ní okun tẹ́ ẹ máa fi gbé irin, àmọ́ purotéènì inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Eléré tó fẹ́ lágbára nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ẹni 70 kílò á wá jẹ́ bíi 112. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ yàtọ̀ pátápátá sí gàrí àti ṣúgà. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja pọ̀ nínú ẹ̀ dáa gan-an lẹ́yìn tíréènì, ẹ̀wà àti ẹyin tún rọ àpò lọ́rùn ju ìyẹ̀fun purotéènì inú ike ńlá lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan kan, creatine ni, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń ran agbára iṣan lọ́wọ́, gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́, kò sí lára ohun tí wọ́n fòfin dè. Steroid, oògùn tí wọ́n ń lò kí ẹran ara lè tètè fẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè, abẹ́rẹ́ ni o, hóró ni o, ẹni tó bá fi lọ̀ yín, ẹ sá fún un, torí àyẹ̀wò ọjọ́ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún eré lọ́wọ́ yín.

Ìwọ nìkan àbí ẹni tó dúró tì ẹ́

Níbí, mi ò ní pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Ọjọ́ líle, kí ẹnì kan dúró lókè orí yín, ẹni tó mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin àyàfi tó bá dúró tàbí tó ń padà wálẹ̀. Tẹ́ ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ má so ìdè mọ́ etí irin, kẹ́ ẹ lè dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí pléètì yọ́ dànù tí irin bá dé yín mọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ yí irin ká. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn kó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, wọ́n ní ó dẹ ọrùn ọwọ́ lára, ṣùgbọ́n irin tó bá yọ́ bọ́ sórí ọ̀fun kì í bèèrè bóyá ó dẹ ẹ́ lára.

Lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ lè dán ara yín wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìíje, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ti àkọ́kọ́, kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tí ò dáa. Èkejì, kó ju nọ́ńbà yín àtijọ́ lọ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ wo bí èkejì ṣe yára tó kẹ́ ẹ tó mú un, tó bá ti falẹ̀, 2.5 ti tó. Kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ máàṣì, kó má jẹ́ ọjọ́ kejì Ojúde Ọba tí gbogbo wa ò tíì sùn, ẹ sinmi ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì kọ kílò, ọjọ́ àti bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí bẹ́ǹṣì.